Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń kó lọ sí Kánádà, wọ́n fẹ́ fún mi ní ajá wọn: ṣé kí n gbà á?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán mà, Dókítà. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wà ní ọdún kẹta ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo sì ń gbé Agbowó, nínú self-con kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé Bódìjà ń kó tìyàwó-tọmọ lọ sí Kánádà ní oṣù mẹ́ta sí i. Wọ́n ní Alsatian kan, akọ, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá, Bíńgò lorúkọ rẹ̀. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀ rárá. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ ẹ, kí n máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á sì fi àpò oúnjẹ méjì lé e. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ajá. Màmá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọn ò tíì gbọ́. Ṣé kí n gbà á?"

Káàsán o, àbúrò mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìwé rẹ. Ìgbà kejì ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá lo fi í sí: màmá rẹ kò tíì gbọ́. A máa padà síbẹ̀.

Bí nǹkan ṣe rí lónìí, má gbà á. Mo tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà máa já bí o ṣe ń kà á lọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ṣì wà níwájú, nǹkan lè yí padà, mo sì fẹ́ kí o mọ ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà kí èmi náà tó lè sọ pé ó yá.

Ẹni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí, owó oúnjẹ ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Owó ń bọ̀, a máa débẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń tọ́jú ẹranko ní Ìbàdàn yìí, mi ò rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ pé owó nìkan ló gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ló ń gbà á. Jẹ́ ká jọ ka ọjọ́. Alsatian, tí àwọn mìíràn ń pè ní German Shepherd, máa ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́tàlá láyé. Bíńgò ti lo ọdún kan àti oṣù méjì nínú tiẹ̀. Ìwọ, ọdún kan àti díẹ̀ ló kù fún ọ tó bá jẹ́ kọ́ọ̀sì ọlọ́dún mẹ́rin lo ń ṣe, ó lé ní méjì tó bá jẹ́ ọlọ́dún márùn-ún. SIWES, iṣẹ́ ìdánrawò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe níta yunifásítì, lè wà láàárín rẹ̀, kí wọ́n gbé ọ lọ sí Èkó. Lẹ́yìn ìyẹn NYSC: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú kám̀pù tí ajá kò lè bá ọ wọ̀, àti ìyókù ọdún ní ibi tí wọ́n bá rán ọ lọ, bóyá Tàràbà, bóyá Kébbí. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ yóò dé, tàbí kí ìwọ náà wá ọ̀nà Kánádà. Ní ọjọ́ tí o bá pé ọgbọ̀n ọdún, ajá yìí ṣì lè wà láyé, kó máa wo ẹnu ọ̀nà.

Tí mi ò bá sì mẹ́nu ba ìyanṣẹ́lódì, á jẹ́ pé kì í ṣe Nàìjíríà yìí ni mò ń gbé. Ní 2022, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Lọ́dún náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ní Boerboel, ajá ńlá tí wọ́n ń mú wá láti Gúúsù Áfíríkà yẹn, lọ sílé. Ó rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, bí gbogbo wa ṣe rò. Ó fi ajá sọ́wọ́ mẹgádì, ó fi owó oúnjẹ sílẹ̀. Owó tán. Ó fi òmíràn ránṣẹ́, ìyẹn náà tán, mẹgádì sì ní ọmọ tirẹ̀ láti bọ́. Nínú oṣù Keje ni aládùúgbò kan gbé ajá náà dé ọ̀dọ̀ mi. Ajá tó yẹ kó ju kílò 50 lọ, 27 ni òṣùwọ̀n mi kà. Eégbọn kún etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹni rọ àgbàdo sí i. Ó yè, ṣùgbọ́n kò padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín mọ́.

Ọmọ yẹn kì í ṣe ìkà o. Lójoojúmọ́ ló ń pe mẹgádì. Ìfẹ́ ajá tí ó ní kò dín sí tìrẹ. Àwọn àgbà ní ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Mo ti wá rí i pé olówó ajá gan-an kò lè gbé ojúlé méjì.

O lè ní tí yunifásítì bá ti gba ìsinmi, o máa mú un lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Báwo? Onímícra wo ló máa gbé ajá kílò 35 sẹ́yìn pẹ̀lú èrò? Dúrọ́ọ̀pù lo máa gbà, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní àlọ nìkan, ní gbogbo ìgbà tí sẹ́mẹ́sítà bá parí. Nígbà tí o bá sì débẹ̀, ìyá tí kò gbọ́ ohunkóhun tẹ́lẹ̀ yóò ṣílẹ̀kùn, yóò rí ajá tó ga dé ìdí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ màmá rẹ ló wúwo jù. Bí ajá yìí bá máa ní ilé kejì, ilé wọn ni. Tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́, kò sí ilé kejì nìyẹn.

Yàrá rẹ wá ńkọ́? Kí o tó ronú nípa rẹ̀, mọ irú ẹranko tó fẹ́ wọ ibẹ̀. Ajá darandaran ni. Ní 1899, sójà ẹlẹ́ṣin kan ní Jámánì, Max von Stephanitz, ra akọ ajá kan tó sọ ní Horand von Grafrath, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìran yìí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ tọ́ ọ ni pé kó máa sáré yí agbo àgùntàn ká láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó máa wo ojú olówó rẹ̀ kó lè mọ ohun tó kàn. O kọ ọ́ pé ara Bíńgò kì í balẹ̀. Ara rẹ̀ kò lè balẹ̀: kò rí àgùntàn dà. Tí o bá wá tì í mọ́ yàrá tó gba bẹ́ẹ̀dì, tábìlì àti gáàsì kan, tí o gba lẹ́kíṣọ̀ agogo mẹ́jọ lọ tí o kò dé títí di agogo mẹ́rin, yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Fóòmù ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Lẹ́yìn náà bàtà, wáyà laptop, férémù ilẹ̀kùn onílé. Ọmọ oṣù mẹ́rìnlá tún ni. Ajá ńlá tí kò tíì pé ọdún méjì, ara rẹ̀ ti dàgbà, orí ò tíì dé. Ìgbà yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ajá wọn. Mi ò ní pé bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n màmá rẹ o, Kánádà ni wọ́n ń lọ lóòótọ́.

Tó bá ṣẹ́kù òun nìkan, yóò gbó. Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun, ṣùgbọ́n ní Agbowó, gbogbo ilé ni kò ní sùn, ìdánwò ọ̀la sì wà fún àwọn náà. Ṣé onílé rẹ gbà kí èèyàn sin ajá? Lọ wo ìwé àdéhùn tí o fọwọ́ sí. Bí aládùúgbò rẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tó fi ń kírun lórí àtẹ̀gùn tí gbogbo yín jọ ń gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí o bi ẹ̀gbọ́n màmá rẹ kí o tó bi ara rẹ ní ohunkóhun. Báwo ni Bíńgò ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀? Má jẹ́ kí wọ́n fi "ó wà dáadáa" dá ọ lóhùn. Ọ̀pọ̀ ajá ńlá tí mo ń tọ́jú ní Bódìjà àti àdúgbò rẹ̀, inú kéèjì ni wọ́n ń wà látàárọ̀. Nígbà tó bá di agogo mẹ́wàá alẹ́, wọ́n á tú wọn sílẹ̀ nínú ọgbà kí wọ́n máa ṣọ́lé, tílẹ̀ bá sì mọ́, wọ́n á tún tì wọ́n mọ́. Ajá tí wọ́n tọ́ báyìí kò mọ ṣéènì, kò mọ títì, kò mọ ọ̀kadà, kò mọ ọmọ iléèwé tó ń pariwo "ajá! ajá!" kó tó sá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrìnlá tí wọ́n bí ajá ló máa ń kọ́ pé irú nǹkan wọ̀nyí kò lè ṣe òun ní nǹkan kan. Èyí tí kò bá rí nígbà náà, ẹ̀rù rẹ̀ ló máa ń bà á títí, ajá tẹ́rù ń bà sì ni ajá tó ń géni jẹ. Ó ṣeé kọ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n oṣù ló ń gbà, ó sì fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ á wá mú un láti inú ọgbà onígéètì lọ sí ojú pópó Agbowó, níbi tí èèyàn, Mícra àti oníbọ̀ọ̀lì ti ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́? Ara mi bù máṣọ.

Bi wọ́n bákan náà bóyá ó ti gé ẹnikẹ́ni jẹ rí, ta ló ń fún un lóúnjẹ, àti bóyá ọmọdé lè fọwọ́ kan abọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun. Tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń bọ́ ọ, ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn ni kí o bá sọ̀rọ̀. Òun ló mọ ajá náà.

Ìrìn ẹsẹ̀ ńkọ́? Irú ajá yìí nílò nǹkan bíi wákàtí méjì lójúmọ́, kì í ṣe ìrìn gbẹ̀fẹ́ sí ìdí omi kí ẹ sì padà. Pẹ̀lú oòrùn wa, agogo mẹ́fà ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹ-hẹlẹ pẹ̀lú ahọ́n níta ló fi ń tu ara rẹ̀ lára, irun Alsatian sì nípọn ní ìpele méjì. Lọ́sàn-án, fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ lé títì ọlọ́dà, kí o ka ení dé eéje. Tí o kò bá lè fi síbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ náà kò lè gbà á. (Àwọn tó ń sin Husky ní Ìbàdàn torí fọ́tò, mi ò tíì mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn. Ajá yìnyín ni.) Wákàtí méjì yẹn kò mọ̀ pé o ní ìdánwò, kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀, kò mọ̀ pé ibà ń ṣe ọ́.

Owó wá kàn. Ajá kílò 35 tó ń sáré dáadáa máa ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 450 sí 500 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́, ìyẹn ni pé àpò kílò 15 á tó o ní oṣù kan. Àpò méjì tí wọ́n fẹ́ fi lé e, oṣù méjì nìyẹn, tó bá tilẹ̀ jẹ́ àpò ńlá. Mi ò ní dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á, torí kí o tó ka èyí dé ìsàlẹ̀ wọ́n lè ti fi nǹkan lé e. Lọ bèèrè fúnra rẹ, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ìwọ náà lóṣù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sè é nílé: ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ, ẹja, ẹsẹ̀ adìẹ, ẹ̀dọ̀. Kò burú, tí ẹran bá pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ má ṣe rò pé ìyókù ọbẹ̀ rẹ ni yóò máa jẹ. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ, ọbẹ̀ ata wo la ń sè tí kò ní àlùbọ́sà? Egungun adìẹ tí iná ti sè máa ń fọ́ ṣọnṣọ, á sì gún ìfun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kó máa jẹun, kó má sì sáré ní wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, torí ikùn ajá ńlá aláyà jíjìn bíi tirẹ̀ lè kún fún afẹ́fẹ́ kó sì lọ́ pọ̀. Tó bá lọ́, láàárín wákàtí díẹ̀ ló máa kú tí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ní ti ìlera, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o gbà lọ́wọ́ wọn kí o fojú rí, kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ọdọọdún la sì ń gbà á níhìn-ín. Dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tó ń dá a padà, ọwọ́ ajá sì ni èèyàn ti máa ń kó o jù lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé Bíńgò tàbí ajá mìíràn gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo, ẹ má fi irun ajá sí i. Èkejì ni eégbọn. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Babesia ń ti ara eégbọn wọ ẹ̀jẹ̀ ajá, ó sì ń fọ́ ọ bí ibà ẹ̀fọn ṣe ń fọ́ tiwa. Ajá tó ń fò lánàá tó dédé dùbúlẹ̀ lónìí, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kọfí, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ní èyí, ìwọ rí àǹfààní gbà ju ọ̀pọ̀ lọ, ilé ìwòsàn ẹranko yunifásítì kò jìnnà sí ọ. Owó rẹ̀ ni kò sí nínú owó iléèwé.

Kí ló wá lè mú mi sọ pé kí o gbà á? Kí o kó kúrò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí ilé ìsàlẹ̀ tó ní fẹ́ǹsì àti géètì, bíi ti Àjíbọ́dé tàbí Oròógùn, kí onílé sì fọwọ́ sí i nínú ìwé. Kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ, ọ̀rẹ́ tàbí ẹ̀gbọ́n, tí Bíńgò mọ̀, tó lè di ṣéènì rẹ̀ mú láìsí ìwọ níbẹ̀. Kí màmá rẹ sọ pẹ̀lú ẹnu ara wọn pé bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, kó máa bọ̀. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Èyí tó jẹ́ ti ẹnì kejì yẹn ni mi ò lè jáwọ́ níbẹ̀ rárá.

Tí ó bá jẹ́ pé ajá lo fẹ́, tí kì í ṣe Bíńgò dandan, ekuke wa tó ti dàgbà yóò bá ọ gbé ju èyí lọ. Oúnjẹ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, oòrùn kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀. Òun náà kò ní bá ọ wọ kám̀pù NYSC o. (Kí o sì wá orúkọ gidi fún un. Bíńgò ti pọ̀ jù nílẹ̀ yìí. Òwe ni àwọn baba wa fi ń sọ ajá lórúkọ, tí wọ́n bá ti ń pe ajá, aládùúgbò tí ọ̀rọ̀ kàn á ti gbọ́ tirẹ̀.)

Bí ìdáhùn rẹ bá máa jẹ́ rárá, tètè sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n màmá rẹ lọ́sẹ̀ yìí. Wọn kò ní bínú tó bí wọ́n ṣe máa bínú tó bá ku ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n wọ bàálù. Oṣù mẹ́ta tó láti rí ìdílé tó ní ọgbà, tó ti sin ajá ńlá rí. Kí wọ́n má kọ "ọ̀fẹ́" sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n gbé e fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá kan géètì. Àwọn kan ń wá akọ láti fi máa bímọ tà, àwọn kan sì wà tí inú ìkòkò ni wọ́n ń mú un lọ. Kí wọ́n lọ wo ilé ẹni tó fẹ́ gbà á. Kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ fún mẹgádì ilé òfìfo, ẹ jọ̀ọ́.

Tí ọkàn rẹ ò bá wá gbà, ṣe èyí fún mi. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, máa jí ní agogo márùn-ún ààbọ̀, lọ sí Bódìjà, mú Bíńgò jáde fún wákàtí kan, padà wá lọ lẹ́kíṣọ̀, kí o sì tún lọ ní ìrọ̀lẹ́. Bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà, má kọ́kọ́ mú un sójú títì, kí ẹni tó ń bọ́ ọ sì wà pẹ̀lú rẹ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí o kò lè lọ, kí o kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mú àwọn ọjọ́ yẹn àti káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá bá mi. Ọjọ́ Sátidé sàn fún mi, kí ó tó di agogo méjìlá.